Méje Atiro Bàbá Mi

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ìtàn ara wọn sí ojú ewé yìí, ẹkún ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má retí ẹkún lọ́dọ̀ mi. Inú ṣì ń bí mi. Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, bí Muthiani bá gba iwájú ilé mi kọjá, òkò ni màá kọ́kọ́ wá. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, màá sọ ọ́ bó ṣe rí, torí mo mọ̀ pé ẹnì kan wà níbì kan tó ń pọ́n ọ̀bẹ ẹ̀san lọ́wọ́, tó rò pé ẹlòmíì nìkan ni ọ̀bẹ náà máa gé.

Syombua ni orúkọ mi. Kariobangi, ní Náíróbì níbí, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, láàárín àwọn tó ń jó irin àti àwọn tó ń na páànù. Iṣẹ́ páànù ìdámọ̀ ọkọ̀ ni mò ń ṣe. Kì í ṣe nọ́ńbà gàdàgbà tó máa ń wà níwájú àti lẹ́yìn ọkọ̀ ni mò ń sọ o. Páànù kékeré ni, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kàn mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n lu nọ́ńbà ara ọkọ̀ náà sí. Bí ọkọ̀ bá ti pẹ́ láyé, ooru ẹ́ńjìnnì àti iyọ̀ etíkun á ti jẹ páànù yẹn di jákujàku. Àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ á wá gbé e wá fún mi, kí n ṣe òmíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì.

Bàbá mi, Ndunda, ló kọ́ mi níṣẹ́ náà. Àpótí òǹtẹ̀ irin kan ló ní, láti òdo dé mẹ́sàn-án, tó fi ń lu nọ́ńbà. Kí wọ́n tó bí mi ni méje inú rẹ̀ ti já bọ́ sórí òkúta, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán díẹ̀ nísàlẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti lù ú, ṣe ni méje náà máa ń dúró bí ẹni tó ń tiro. Méje Atiro ni àwọn oníṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Bàbá mi kò pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní ọkùnrin tí kò ní àpá lára, ta ni yóò mọ̀ ọ́n láàárín èrò?

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa á.

Muthiani ni ẹnikejì rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi jọ lo ṣọ́ọ̀bù kan. Ilé wa ló ti ń jẹun, èmi ni mo ń fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí bàbá mi bá lọ sí Kitui, ìlú wa, láti kórè ẹ̀wà, Muthiani á kó àwọn òǹtẹ̀ náà, á fi wọ́n lu nọ́ńbà irọ́ sára ọkọ̀ olè. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí ọlọ́pàá mú mẹ́ta nínú àwọn ọkọ̀ náà. Méje Atiro wà lára gbogbo wọn. Wọ́n mú bàbá mi. Muthiani gòkè lọ ṣe ẹlẹ́rìí, ó nu ojú, ó ní, "Mo ti ń kìlọ̀ fún un tipẹ́." Bàbá mi ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, ikọ́ ló bá jáde, ó sì kú kí òjò ọdún yẹn tó rọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí màmá mi dì mú. Nígbà tí ọlọ́pàá tú ilé wa, gbogbo òǹtẹ̀ ni wọ́n bá nínú àpótí, àyàfi méje. Ilé ẹjọ́ ní bàbá mi ti jù ú nù. Màmá mi ní irọ́ ni.

"Ọwọ́ ẹni tí wọ́n bá ti bá méje yẹn, òun lolè," ló máa ń sọ. "Ilé wa kọ́ ló wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ wá a níbi tó wà."

Ó ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń sọ ọ́ lọ́jà, ó ń sọ ọ́ fún àwọn tí wọn ò bi í. Agolo bisikíìtì kan ló kó ìwé ẹjọ́ sí. Ọdọọdún ló ń gbé agolo náà kiri ọ́fíìsì àwọn lọ́yà. Ní ọdún tó kọjá, obìnrin lọ́yà kan gbọ́ tirẹ̀. Ó ní òun máa tún ẹjọ́ náà gbé dìde kí wọ́n lè wẹ orúkọ òkú mọ́, nítorí pé ibi tí ẹjọ́ náà ti ń jò gan-an nìyẹn: òǹtẹ̀ tí wọ́n fi dá a lẹ́bi, kò sẹ́ni tó bá a lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ẹ̀yin ará, ilé wa ló wà.

Nígbà tí wọ́n sin bàbá mi tán, Muthiani gbé àpò àgbàdo méjì wá kí wa. Ó ní òun á bá wa palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, mò ń wá ìṣó nínú agolo ìṣó, mo bá òǹtẹ̀ kan nísàlẹ̀ rẹ̀, aṣọ aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi wé e. Mo mọ aṣọ náà. Etí aṣọ iṣẹ́ Muthiani ni, tí mo ti fọ̀ títí tó fi ṣí. Mo tú u, Méje Atiro ló wà ńbẹ̀, ó ń wò mí.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò gbà mí gbọ́? Wọ́n á ní ọ̀dọ̀ wa ló ti wà látilẹ̀. Mo wé e padà, mo fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi. Màmá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi, orí àpótí yẹn gan-an ló sì máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́, bó bá ń ka àwọn ìwé ẹjọ́ rẹ̀.

Ìyẹn ni bó ṣe wà kí ọkọ̀ funfun yẹn tó wá.

Ọjọ́ Ajé kan ni, lóṣù kẹfà, òtútù mú gan-an. Píjò 404 kan yọ sí wa, funfun báláú, ó ń dún jẹ́jẹ́ bí ológbò tó yó. Gbogbo àwọn tó ń jó irin ló dáwọ́ dúró. Dẹ́rẹ́bà tó wà ńbẹ̀ sọ̀kalẹ̀, Shikuku ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín ẹyẹ ni.

"Ìyá Katunge, ẹ káàárọ̀ o. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọṣẹ́ yìí jù ní gbogbo Náíróbì."

"Ta ló ní kó o máa pọ́n mi? Ìwé ọkọ̀ dà?"

"Ẹ ò tiẹ̀ ní ní kí n jókòó?"

"Jókòó, kó o sì mú ìwé jáde. Ẹnu méjì ni Ọlọ́run fún ẹ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó mú un jáde. Mo kà á. Orúkọ tó wà níbi olówó ọkọ̀, ṣe ni mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. 

"Muthiani ni ọ̀gá ẹ?"

"Òun ni o. Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mo gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí."

"Ta ni ò gbọ́ ọ rí! Òun lalága ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ àtijọ́ báyìí. Ìfihàn wọn ni Sọ́ńdè tó ń bọ̀, ní pápá eré ẹṣin. Ife ẹ̀yẹ lọ̀gá ń wá. Mombasa ló ti ra mọ́tò yìí, iyọ̀ ti jẹ páànù abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ìyẹn nìkan ló kù tí kò mọ́."

"Kí ló dé tí kò wá fúnra ẹ̀?"

"Ọ̀gá kì í wá sí Kariobangi. Ó ní eruku ibẹ̀ ń bá òun jà."

"Eruku ibẹ̀ yẹn náà ló tọ́ ọ dàgbà," ni mo wí, ṣùgbọ́n mo wí i sínú.

Orúkọ ọkọ mi, Kitheka, ló wà lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, orúkọ ọmọ mi sì ni gbogbo èèyàn fi ń pè mí. Shikuku kò mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ náà kò mọ̀.

Mo yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ìwé ọkọ̀ pé. Lẹ́tà ọlọ́pàá tó fàyè gba iṣẹ́ náà wà ńbẹ̀. Nọ́ńbà ara ọkọ̀ bá ti ìwé mu, ó bá ti páànù tí iyọ̀ jẹ náà mu: 5218134. Ọkọ̀ olóòótọ́ ni. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ká ní ọkọ̀ olè ni, ọlọ́pàá ni ǹ bá kàn pè. Olè náà ti lọ́lá débi tó fi lè máa ṣe òótọ́!

Mo lè ní kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ̀rí ọkàn mi sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, mo sì gbọ́ ọ dáadáa.

"Yọ páànù náà sílẹ̀ fún mi," ni mo wí. "Gbé ọkọ̀ wá ní Fúráìdè, kí n kàn án mọ́ ọn."

Láti ọjọ́ yẹn, oorun ò kùn mí mọ́, àmọ́ oúnjẹ ń dùn lẹ́nu mi. Mò ń kọrin bí mo ṣe ń gé páànù. Mo ti rí i lójú inú mi: Muthiani láàárín àwọn ọ̀rẹ́ olówó rẹ̀, tí wọ́n ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ tí kò ní èsì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe bi bàbá mi. Bàbá mi bú sẹ́kún nílé ẹjọ́. Mo fẹ́ kí ti Muthiani ju ẹkún lọ.

Màmá mi ń ṣa ẹ̀wà lórí àpótí. Ó wò mí.

"Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?"

"Kò sí nǹkan, Màmá."

"Lọ́yà pè mí. Ó ní ìparí oṣù yìí nilé ẹjọ́ máa gbọ́ tiwa. Ó ní kí n má bá ẹnikẹ́ni jà, kí n má bú ẹnikẹ́ni, kí n kàn jókòó jẹ́jẹ́ mi."

"Ẹ jókòó jẹ́jẹ́ yín nígbà náà."

"Ìwọ náà ńkọ́?"

"Èmi kẹ̀? Iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe."

Ó gbé ọpọ́n ẹ̀wà dìde, ó wọlé lọ. Mo ṣí àpótí náà, mo mú ẹrù inú aṣọ búlúù yẹn jáde.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo ṣe. Mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sára páànù tuntun náà bó ṣe wà lára tàtijọ́. Mo kùn ún ní dúdú, mo fi omi tíì àti eérú pa á lára kó má bàa máa dán bí ìgò tuntun. Lẹ́yìn náà mo fi òǹtẹ̀ tí mò ń lò lójoojúmọ́ lu márùn-ún, mo lu méjì, mo lu oókan, mo lu mẹ́jọ. Ó wá kan oókan kejì. Níbẹ̀ ni mo ti gbé Méje Atiro lé e.

Mo ní òǹtẹ̀ méje mìíràn o, tuntun, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé. Ká ní òun ni mo lò ni, gbogbo èèyàn ì bá rò pé àṣìṣe ọwọ́ ni, tàbí pé Muthiani ló pààrọ̀ páànù. Kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀ mí mọ́ ọn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó gbé òòlù sókè. Ṣùgbọ́n ẹ̀san tí ẹni tí a san án fún kò bá mọ ẹni tó san án, iyọ̀ wo ló wà nínú rẹ̀? Mo fẹ́ kí Muthiani rí ẹsẹ̀ yẹn. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé Ndunda ló dìde láti inú sàárè wá gbá a létí.

Mo lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wọlé dáadáa.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Shikuku dé. Mo kan páànù náà mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó pàtẹ́wọ́.

"Háà! Bíi ti ọjọ́ tí wọ́n bí mọ́tò yìí! Ìyá Katunge, ọwọ́ yín ò ní rọ o."

"Àmín."

Kò ka nọ́ńbà. Ta ló máa ń ka nọ́ńbà? Oókan àti méje, bí ojú bá yára, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ṣé ẹ rí iṣẹ́ wa yìí, ó ní àṣà kan tí bàbá mi fi kọ́ gbogbo wa. Nọ́ńbà kan kì í gbé ilé méjì. Bí a bá ti kan páànù tuntun, a máa ń fi síṣọ́ọ̀sì gé tàtijọ́ sí méjì lójú oníbàárà. Ààbọ̀ kan á bá a lọ, ààbọ̀ kan á dúró lọ́dọ̀ wa. Bí mo ṣe ń dágbére fún Shikuku, ọwọ́ mi ti mú síṣọ́ọ̀sì, ó ti gé e kí orí mi tó mọ ohun tó ń ṣe. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ọwọ́ yẹn ti ń gé e. Ààbọ̀ apá ọ̀tún ni mo nà sí i, èyí tí 8134 wà lára rẹ̀. Ó jù ú sínú àpótí iwájú ọkọ̀, ó sì wakọ̀ lọ.

Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ayọ̀ ti fọ́ mi lójú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo ní, "Màmá, ẹ wọ aṣọ yín tó dáa jù. Mo fẹ́ kí ẹ fojú ara yín rí nǹkan."

"Ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?"

"Ohun tí ẹ ti ń gbàdúrà fún láti ọjọ́ yìí wá ni mo fẹ́ fi hàn yín."

Èmi ni mo mú un lọ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó tì mí.

Pápá eré ẹṣin kún. Ọkọ̀ àtijọ́ tò lọ bẹẹrẹ lórí koríko, olówó wọn ń fi aṣọ múlọ́múlọ́ nu eruku tí kò sí níbẹ̀. Èèyàn ń jẹ sàmósà, èèyàn ń ya fọ́tò. Muthiani dúró nídìí Píjò rẹ̀ nínú kóòtù aláwọ̀ wàrà. Ó ti sanra, orí rẹ̀ ti pá. Màmá mi di apá mi mú.

"Syombua, ṣé Muthiani kọ́ nìyẹn?"

"Òun ni. Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ ṣáà máa wò."

Bàbá Virdi ni olórí àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò. Ọmọ Íńdíà tí wọ́n bí sí Nakuru ni, láwàní rẹ̀ funfun bí irùngbọ̀n rẹ̀. Láti ayé bàbá mi ló ti mọ gbogbo ọkọ̀ tó wà nílùú yìí. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Obìnrin kan dúró tì í, ó ń kọ̀wé. Virdi ka nọ́ńbà ara ọkọ̀ fún un, ó sì tẹjú mọ́ páànù.  Ó tún ara ọkọ̀ wò.

"Muthiani, ọ̀rẹ́ mi, kí lèyí?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ara mọ́tò ń sọ tiẹ̀, páànù ń sọ tiẹ̀. Oókan ló wà níbí. Méje ló wà lọ́hùn-ún."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀."

"Wá wò ó fúnra ẹ."

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí: ayé mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn èèyàn ti ń sún mọ́ ibẹ̀. Ẹnì kan ní, "Alága fúnra ẹ̀!" Ẹlòmíì ní, "Mọ́tò olè nìyẹn, ẹ pe ọlọ́pàá." Ọlọ́pàá méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ti ń bọ̀. Òógùn yọ lórí Muthiani tó pá yẹn, ó ń ṣàn wọ kọ́là rẹ̀. Ó la ẹnu, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Bí bàbá mi gẹ́lẹ́.

"Ọlọ́run ò sùn," ni màmá mi wí, omi ti dé ojú rẹ̀. "Ọlọ́run Ndunda ò sùn!"

"Ẹ ṣì máa wò, Màmá."

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Muthiani gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ Virdi. Ó bẹ̀rẹ̀ sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, mo ní, ó ti rí i báyìí, ó ti rí ẹsẹ̀ yẹn. Ó ti rí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó nàró, ojú rẹ̀ ti balẹ̀. Ó fi áńkáṣíìfù nu orí.

"Shikuku, níbo lo ti ṣe páànù yìí?"

"Lọ́dọ̀ Ìyá Katunge ni, ọ̀gá. Ní Kariobangi."

"Ó fún ẹ ní nǹkan kan padà?"

"Ààbọ̀ páànù àtijọ́, ọ̀gá. Ó wà nínú mọ́tò."

"Mú un wá."

 Ìgbà yẹn ni mo tó rántí síṣọ́ọ̀sì.

Virdi gba ààbọ̀ páànù náà, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀. "8134. Ó bá ara mọ́tò mu. Ó bá ìwé mu. Mọ́tò ò lẹ́bi, Muthiani. Ẹni tó ṣe páànù ló ṣàṣìṣe."

"Kì í ṣe àṣìṣe," ni Muthiani wí pẹ̀lẹ́. "Virdi, ojú ẹ ṣì dáa. Wo ẹsẹ̀ méje yẹn."

Bàbá arúgbó náà tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó gbórí sókè, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Méje Atiro! Ti Ndunda! Ṣebí wọ́n ní wọn ò rí i mọ́?"

"Gbogbo wa la rò bẹ́ẹ̀. Àṣé ilé wọn ló wà." Ó yíjú sí èrò, ojú rẹ̀ ń wá, ó sì bá mi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Syombua, ọmọ ọ̀rẹ́ mi. O mà ti dàgbà o. Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ohun tí Ndunda fi sílẹ̀."

Mo pariwo. Mi ò mọ̀ pé mo máa pariwo. "Ìwọ lo fi síbẹ̀! Ìwọ lo fi sínú agolo ìṣó lẹ́yìn ìsìnkú! Aṣọ iṣẹ́ ẹ lo fi wé e, èmi ni mo rí i!"

"Nígbà wo lo rí i, ọmọ mi?"

"Lọ́dún tí wọ́n sin ín!"

"Ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn. O rí i, o ò mú un lọ fún ọlọ́pàá. O ò mú un lọ fún lọ́yà. O gbé e pamọ́, o sì ń fi lu páànù." Ó mi orí bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. "Ẹ̀yin èèyàn mi, kí la fẹ́ sọ sí irú èyí?"

Gbogbo ohun tó sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Òpùrọ́ yẹn, òótọ́ ni mo kó sí i lẹ́nu.

Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá ní, "Màdáámù, níbo ni òǹtẹ̀ náà wà báyìí?"

"Nínú àpótí aṣọ mi."

Màmá mi ti fi apá mi sílẹ̀.

"Àpótí aṣọ wo?" ló bi mí.

Koríko ni mo ń wò.

"Syombua. Èyí tí mo máa ń jókòó lé?"

Wọ́n mú mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Muthiani tẹ̀ lé wa débẹ̀, ó ní òun ò ní bá mi ṣẹjọ́, pé ọmọ ọ̀rẹ́ òun ni mí. Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn. Ìjọba bá mi ṣẹjọ́ ṣáá. Wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi, wọ́n gba òǹtẹ̀ náà, wọ́n so páálí mọ́ ọn, wọ́n tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú àpótí bàbá mi tó wà lọ́dọ̀ wọn láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ó pé wàyí. Lọ́yà obìnrin yẹn dá agolo bisikíìtì padà. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Mama, kò sí ibi tí mo máa dúró sí mọ́." Muthiani sì gba ife ẹ̀yẹ rẹ̀. Virdi fúnra rẹ̀ ló gbé e lé e lọ́wọ́. Mo rí fọ́tò rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ó ń rẹ́rìn-ín, mo sì gún ojú rẹ̀ méjèèjì ní abẹ́rẹ́. Ẹ má bi mí bóyá mo kábàámọ̀ ìyẹn.

Bí ẹ bá ń wá ẹ̀kọ́, òun rèé: wọ́n ní bí èèyàn bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn. Tèmi jìn, ó sì dára, mo fi gbogbo ọgbọ́n ọwọ́ mi gbẹ́ ẹ. Òkú bàbá mi ni mo tì sínú rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dá mi sílẹ̀, màmá mi ò jókòó sórí àpótí. Ilẹ̀ ló jókòó sí.

"Ta ló fún ẹ ní òǹtẹ̀ yẹn?" ló bi mí.

"Mo rí i ni, Màmá. Muthiani ló fi síbẹ̀."

"O rí i nígbà tó ń fi síbẹ̀?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n aṣọ ẹ̀ ni wọ́n fi wé e."

"Aṣọ tí ìwọ ń fọ̀ nílé wa. Èyíkéyìí nínú wa ló lè ya á." Ó wo àpótí náà. "Ọdún mẹ́tàdínlógún lo fi ń wò mí, tí mò ń búra fún gbogbo ayé pé kò sí nílé wa. Bí ìyẹn bá lè jẹ́ irọ́, èwo ló kù tó jẹ́ òótọ́?"

"Màmá, Bàbá ò ṣe é! Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Bàbá ò ṣe é!"

"Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀," ló wí.

Láti ọjọ́ yẹn kò dárúkọ Ndunda mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àyájọ́ ikú rẹ̀ pé. Lọ́dọọdún, a máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Kitui láti ro ojú oórì rẹ̀. Mo jí, mo múra, mo jáde wá pè é. Ó ti gbé ìkòkò àgbàdo àti ẹ̀wà kaná lẹ́yìnkùlé. Agolo bisikíìtì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń mú ìwé ẹjọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ká a, ó ń kì í bọ iná. Kò bínú, kò sunkún, ṣe ló ń ṣe é bí ẹni tó ń ṣẹ́ igi.

"Màmá, bọ́ọ̀sì ti fẹ́ lọ."

"Ta la fẹ́ lọ kí?" ló wí. "Mú abọ́ wá. Ó ti jinná."

Muthiani ló rán bàbá mi lọ sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n títí ó fi kú, ìyàwó rẹ̀ kò gbà pé olè ni. Èmi ni mo jẹ́ kó gbà. Mo mú abọ́ wá, ó bù ú kún fún mi, mo sì jẹ ẹ́.